Ìwé Tó Mọ Ibi Tí Susannah Wà

Ọlábámijí kì í fọkàn tán ohunkóhun tó bá ní bọ́tìnì.

Kó tó jáde nílé, á yọ wáyà fáànù kúrò lára ògiri. Á fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, kì í sì í ṣe nítorí eruku. "Kí ni nǹkan yìí ń wò nígbà tí a kò bá wò ó?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Susannah, ìyàwó rẹ̀, á ní, "Bàbá Mojí, ta ló fẹ́ wò yín?"

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Mínnà, ó ṣe é dé Òṣogbo, ó wá fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tẹ́ṣàn nílùú rẹ̀ gan-an, Ọ̀fà. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ ọ ní ìfura. Ọkọ̀ ojú irin méjì, ojú irin kan. Bí ọ̀gá tẹ́ṣàn bá gba ohun tí wọ́n kàn fẹnu sọ fún un gbọ́, òkú ni wọn yóò kó níwájú. Ẹnu kò tó. Ìwé ló tó. Ìwé fífẹ̀ kan máa ń wà lórí tábìlì tẹ́ṣàn, rẹ́jísítà, tí wọ́n ti fa ilà sí láti òkè délẹ̀: nọ́ńbà ọkọ̀, àkókò tó wọlé, àkókò tó jáde, orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí yíǹkì bá ti kọ síbẹ̀, wọn kì í pa á rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ilà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà sí i, wọn á kọ èyí tó tọ́ sórí rẹ̀, wọn á sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn Bíbélì, ìwé yẹn ni Ọlábámijí gbà gbọ́. Òun nìkan.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú un.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ra Pijó 504 kan, aláwọ̀ eérú. Ó wà á fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì láti ẹ̀gbẹ́ wá, bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù. Dókítà ojú ní Ìlọrin ní kó má wa mọ́tò mọ́. Susannah ló gba kọ́kọ́rọ́. Akọ̀wé ni Susannah ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilemona. Láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀, aago méje àárọ̀ ló ń kúrò nílé. Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, Ilemona. Aago mẹ́rin àbọ̀, ó ti dé, àfi Jímọ̀ tó máa ń pẹ́ díẹ̀.

Ọ̀nà kò jìn. Ṣùgbọ́n ọdún 1994 ni à ń sọ yìí. Wọ́n ti já mọ́tò méjì gbà lọ́nà yẹn láàárín oṣù kan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé náà tún ti gbérí. Kò tíì sí ìjà. Ojú ni wọ́n ṣì fi ń bá ara wọn jà. Bí mọ́tò kan bá kọjá, àwọn tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà á dákẹ́ títí yóò fi kọjá tán.

Nítorí náà, lójoojúmọ́, Ọlábámijí á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, á máa tẹ́tí sí ìró mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Kí Susannah lọ, kó bọ̀, kí nǹkan kan má ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ló jókòó ní Sátidé kan tí ọkùnrin kan tó de táì wọ inú ọgbà wá. Báàgì awọ lọ́wọ́. Láńrewájú lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ń ṣojú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Amọ̀nà Rédíò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀wọ́dé.

"Rédíò kékeré kan ni, sà. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù la ó so ó mọ́. Bí wàhálà bá dé, Mummy á kàn tẹ bọ́tìnì pupa yìí, a ó gbọ́, a ó sì ké sí ọlọ́pàá. Yàtọ̀ síyẹn, ní gbogbo ìdajì wákàtí tí mọ́tò bá fi wà lójú ọ̀nà, ọ́fíìsì á pè é. Níbo lẹ dé? Mummy á dáhùn. A ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mọ́tò yín wà, ẹ ó kàn rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ta ló ń pè é?"

"Òṣìṣẹ́ wa ni, sà. Sherifat."

"Bí olè bá mọ Sherifat ńkọ́?"

Láńrewájú rẹ́rìn-ín. Ọlábámijí kò rẹ́rìn-ín.

"Tẹ́lẹ̀," Ọlábámijí ní, "olè tó bá fẹ́ mọ́tò mi ní láti wá a kiri. Ní báyìí, á kàn wá bi yín."

"Daddy, ẹ ti fura jù."

"Ìfura ni mo fi ń jẹun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èló ni?"

"Oṣù àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, owó oṣooṣù ni. Ẹni tó bá san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó dín in kù fún un."

"Ọ̀fẹ́. Ta ló wá ń sanwó oṣù àkọ́kọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń san án, sà."

"Ẹnì kan ń san án."

Ó ti ń dìde láti lé e lọ. Nígbà náà ni Láńrewájú ṣí báàgì, tó yọ ìwé kan jáde láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé fífẹ̀. Ilà pupa, ilà búlúù. Nọ́ńbà mọ́tò. Àkókò. Ibi tó wà. Ohun tí wọ́n dáhùn. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọlábámijí gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú bó ṣe máa ń kàwé. Ó ń fi ìka tọ ilà náà lọ.

"Ta ló fa ilà yìí?"

"Sherifat náà ni, sà."

"Kò wọ́." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Kò wọ́ rárá."

Ó jẹ́ kí wọ́n so ó.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Susannah rí i, nígbà tó wọnú mọ́tò tí nǹkan kan kan án ní orúnkún.

"Kí lèyí, Bàbá Mojí?"

"Rédíò ni. Nítorí olè."

"Ṣé olè ni, àbí èmi?"

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, Màmá Mojí?"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò fọkàn tán bọ́tìnì fáànù. Bọ́tìnì tó ń sọ ibi tí ìyàwó yín wà ni ẹ wá fọkàn tán."

Ó ṣáná sí mọ́tò. Kó tó jáde ní géètì, ohùn obìnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹni tó wà nínú agolo. Ọlábámijí gbọ́ bí Susannah ṣe dá a lóhùn. "Mo ń jáde nílé." Bí ẹni tí wọ́n fi agídí bi léèrè.

Láti ọjọ́ náà, Ọlábámijí rí iṣẹ́ ṣe. Aago mẹ́wàá àárọ̀, á mú ọ̀pá, á rọra rìn lọ sí Ọ̀wọ́dé. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Eríàlì gígùn lórí páànù, jẹnerétọ̀ lẹ́yìn, káńtà níwájú. Lórí káńtà, ìwé náà, ní ṣíṣí, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi dè é mọ́ ìṣó kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Sherifat jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn lé e. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́.

Gbádé máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìjọ kan náà ni òun àti Ọlábámijí. Dírẹ́bà ló ń fi mọ́tò tirẹ̀ kérò lọ sí Ìlọrin, Gbádé kò sì fọkàn tán dírẹ́bà náà rárá. Àwọn méjèèjì á dorí kọ ìwé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ilà tirẹ̀ nìkan ni Ọlábámijí ń kà. Aago méje àbọ̀: Ẹ̀rìn-Ilé. Ó dáa. Aago mẹ́jọ: Ilemona. Ó dáa. Àyà rẹ̀ á balẹ̀. Bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá jáde ní Òṣogbo, tí yíǹkì sì sọ pé ó jáde. Ní Jímọ̀ méjì àkọ́kọ́, ó rí i pé mọ́tò náà wà ní Ẹ̀rìn-Ilé ní aago mẹ́rin, ó sì tún wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin àbọ̀. Ó rò ó. Ojú ọ̀nà yẹn burú lóòótọ́. Ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ilà tirẹ̀ lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á yà sí ti ẹlòmíràn. Ó mọ ibi tí lọ́rì onípákó kan máa ń sùn sí. Ó mọ mọ́tò tíṣà kan tó wà ní Òṣogbo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

"Gbádé, ẹ wò ó. Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí ló ń wá ní Òṣogbo?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ bi aago mẹ́rin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Gbádé fi ń wúkọ́. Sherifat kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé rẹ̀.

Nígbà tí oṣù ọ̀fẹ́ náà ń lọ sópin, ìfura ti ń tán lára Ọlábámijí. Ọ̀sẹ̀ kẹta dára ju ti ìṣáájú lọ. Mọ́tò kì í pẹ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé mọ́. Àkókò rẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ka ilà àárọ̀ náà, ó sì pa ìwé dé.

"Màá san ti ọdún kan," ó sọ fún Gbádé. "Ní Sátidé. Ọwọ́ ọmọ yìí kò ṣàṣìṣe rí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sílé. Ibẹ̀ ni ibi iṣẹ́ Àlàbí mẹkáníìkì wà, kò jìn sí ibi tí ọ̀nà ti gba orí ojú irin kọjá.

"Daddy, ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, ó máa pẹ́ díẹ̀. Rádíétọ̀ ọ̀hún ti dálu."

"Rádíétọ̀ ta ni?"

"Tiyín ni, sà."

Ọlábámijí dúró. Ó rí nǹkan aláwọ̀ eérú kan lábẹ́ igi máńgòrò, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sókè. "Mọ́tò mi wà ní Ilemona," ó ní.

"Háà! Daddy." Àlàbí nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Kò tíì dé orí ojú irin pàápàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Kó tó di aago méje àbọ̀. Mummy gba bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n má dààmú yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, nítorí pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fura sí ìwé. Mọ́tò ló kọ́kọ́ fura sí. Ó rò ó pé Pijó mìíràn ni, pé Àlàbí ló ṣì í mú. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa bọ́ńpà títí ó fi kan ibi tó tẹ̀ níjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn gbá géètì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fi ìka ka nọ́ńbà mọ́tò, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí afọ́jú.

Tirẹ̀ ni.

Aago méje àbọ̀: Ẹ̀rìn-Ilé. Aago mẹ́jọ: Ilemona. Mummy ní ó dáa.

Ó padà sí Ọ̀wọ́dé. Kò rọra rìn mọ́. Gbádé ti lọ, Sherifat nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ka ti àárọ̀ yìí fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú mi ò dá a mọ̀."

Ó kà á.

"Ṣé o gbọ́ ohùn ìyàwó mi?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Etí tìrẹ?"

Sherifat tún wo ilà náà.

"Mọ́tò náà wà lọ́dọ̀ Àlàbí mẹkáníìkì láti àárọ̀. Mo fọwọ́ kàn án."

Ó yọ ẹ̀rọ agbọ́hùn kúrò lórí. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ jókòó, Daddy."

"N ò jókòó."

"Ọjọ́ kẹwàá rèé tí rédíò yín ti dákẹ́. Mo pè é títí. Wọ́n ti pa á ni."

"Ta ló pa á?"

"Ẹ bi ará ilé yín."

"Ó dákẹ́, o wá ń kọ 'ó dáa'? Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé ó dákẹ́?"

"Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan rí." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọkọ obìnrin náà dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí. Ó kà á, ó jáde. Nígbà tí mo tún máa rí obìnrin yẹn lọ́jà, ojú ẹ̀ kan ti wú pa. Láti ìgbà náà, obìnrin yòówù tí n ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, mo ń kọ 'ó dáa' fún un. 'Ó dáa' náà sì lẹ ń wá gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá síbí nítorí olè."

"Èmi ń wá nítorí olè."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí, sà."

Ọlábámijí fẹ́ bínú. Inú rẹ̀ kò rí ibi tí ìbínú náà máa gbà. Bí olè bá ti dá Susannah dúró láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ìwé á ní ó dáa. Òun á sì padà sílé, á jẹun.

Bọ́ọ̀sì já Susannah sílẹ̀ ní aago márùn-ún ku díẹ̀. Ọlábámijí dúró sí géètì.

"Ìwọ lo pa rédíò yẹn."

Kò jiyàn. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èmi ni."

"Kí ni ò ń fi pa mọ́ fún mi?"

"Kò sí ohun tí mò ń fi pa mọ́ fún yín. Ẹ mọ Asiata."

Ó mọ̀ ọ́n. Asiata ará Ẹ̀rìn-Ilé, tí òun àti Susannah jọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ yẹn fún un. Ìdajì wákàtí. Láti ọdún tó kọjá ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Ẹ wá so nǹkan yín mọ́ mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kejì, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gbádé dúró sí ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn ìyá. 'Màmá Mojí, ta lẹ ní ní Ẹ̀rìn-Ilé tí ìdajì wákàtí ò fi tó yín?' Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín."

"Gbádé kàn ń ṣeré ni."

"Ó ń ṣeré. Àwọn tó gbọ́ ọ kò ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró ra epo. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí tẹrí wọ fèrèsé mọ́tò. Ó ní, 'Ìyàwó ọ̀gá tẹ́ṣàn, ṣé ìwọ lò ń gbé ohun tí a bá sọ nípàdé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ fún àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé?' Ó wo nọ́ńbà mọ́tò dáadáa. Ó ní, 'A mọ àkókò tí o máa ń kọjá.'"

Ọlábámijí fọwọ́ wá àga, ó jókòó.

"N ò mọ ibi tí olè wà, Bàbá Mojí. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn, mo mọ ibi tó ti gbọ́. Ìwé yín ló sọ fún un."

Ó rántí okùn àti ìṣó. Wọ́n de ìwé náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Wọn kò dè é kí ẹnikẹ́ni má baà kà á. Ó rántí Òṣogbo pẹ̀lú. Ó rántí ẹ̀rín.

"Mo lè pa rédíò," Susannah ní. "Mo ti pa á, n ò sì yà sọ́dọ̀ Asiata ní Jímọ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ méjì yẹn ti wà nínú ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, Ọlábámijí lọ bá Láńrewájú pé kó já ojú ìwé tó jẹ mọ́ mọ́tò òun fún òun. Láńrewájú ní kò ṣeé ṣe. Ìwé ilé-iṣẹ́ ni. Bí Daddy kò bá sanwó mọ́, wọn á yọ rédíò. Ìwé kò ní kúrò níbẹ̀.

"Fún ìgbà wo?"

"Títí, sà. A kì í pa á rẹ́."

Ọlábámijí ló yẹ kó mọ ìyẹn. Òun náà ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Títí di Sátidé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Ó ń ro ohun kan tí kò ṣe rí. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti fa ilà sí àṣìṣe nínú rẹ́jísítà, ó ti bú ọmọ iṣẹ́ tó kọ irọ́, ó ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò tíì pe ilà tó jẹ́ òtítọ́ ní irọ́ rí.

Aago mẹ́wàá Sátidé ni àwọn onímọ́tò máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àkókò náà ló mú. Ó mú Àlàbí dání pẹ̀lú súkúrúdíráfà àti rédíò náà nínú àpò. Gbádé ti wà níbẹ̀, àti àwọn bíi mẹ́fà mìíràn. Sherifat wà lẹ́yìn káńtà. Láńrewájú rí Ọlábámijí, ó fa ìwé rìsíìtì jáde.

"Daddy! Ti ọdún kan, àbí?"

"Ka ti Ọjọ́rú fún gbogbo èèyàn."

Láńrewájú kà á pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rìn-Ilé. Ilemona. Ó dáa.

"Àlàbí, níbo ni mọ́tò mi wà láàárọ̀ Ọjọ́rú?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni, sà. Lábẹ́ igi. Mo ti tú rádíétọ̀ ẹ̀."

Ariwo díẹ̀ sọ. Láńrewájú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àṣìṣe ọjọ́ kan ni, ẹ̀yin bàbá. Ọjọ́ kan péré."

"Láti ọjọ́ kìíní ni," Ọlábámijí ní. "Jímọ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ẹ kọ ọ́ pé ìyàwó mi dúró ní Ẹ̀rìn-Ilé, irọ́ ni. Ní aago mẹ́rin àbọ̀, ó ti wà nílé. Èmi ni mo ṣí géètì fún un."

Gbádé yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà? Ṣebí a jọ ka ilà yẹn ni. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mo kà á, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ mọ bí ojú mi ṣe rí."

"Ẹni tó rí ìyàwó ẹ̀ nílé, tó wá gba ìwé gbọ́ pé kò sí nílé?"

"Onírélùwéè ni mí, Gbádé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Gbádé kò rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó láwòfín. Láńrewájú ti yíjú sí Sherifat.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Sọ fún wọn. Jímọ̀ méjì yẹn, ṣé o gbọ́ ohùn obìnrin yẹn àbí o ò gbọ́ ọ?"

Ó gbọ́ ọ. Ọlábámijí mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ilà méjì yẹn á dúró títí, òun fúnra rẹ̀ á sì ti pe gbogbo èèyàn jọ láti wá tún un gbọ́. Ọkùnrin tó tẹrí wọ fèrèsé mọ́tò Susannah lè wà láàárín àwọn tó dúró yìí. Kò mọ̀. Ojú rẹ̀ kò rí wọn tán.

Sherifat wò ó.

"Láti ọjọ́ kìíní, sà," ó sọ fún Láńrewájú. "N ò gbọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń fi orí ara mi kọ gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?" Gbádé ti fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀ títí okùn fi nà tán. "Tèmi náà?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Ibo wá ni dírẹ́bà mi ń gbé mọ́tò mi lọ láti oṣù méjì?"

Olúkúlùkù ti ń nawọ́ sí ìwé. Láńrewájú ń pariwo pé irọ́ ni ọmọbìnrin náà ń pa, pé òun fúnra òun máa ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àlàbí yọ rédíò kúrò nínú àpò, ó gbé e sórí káńtà pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin tí wọ́n fi kàn án.

Sherifat ti mú báàgì rẹ̀. Ọlábámijí bá a ní ìta, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ó máa lé ọ lẹ́nu iṣẹ́."

"Ó ti lé mi, sà."

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gba ọ̀nà ọjà lọ.

Ọlábámijí kò rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fi ọwọ́ mímọ́ bẹ́ẹ̀ purọ́ nítorí obìnrin tí kò mọ̀, kí ni kò tún ní kọ? Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fura sí i, nígbà kan náà.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Susannah wọlé ní aago márùn-ún. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn àkókò rẹ̀. Ọlábámijí ṣí géètì.

"Ẹ ò bi mí ibi tí mo yà sí?"

"N ò bi ọ́."

"Asiata ní kí n kí yín."

Ọlábámijí dúró láàárín géètì, ó ń gbìyànjú láti wo ọ̀nà tí mọ́tò gbà wá. Mọ́tò kan dúró lẹ́bàá kọ́nà, tàbí igi ni. Ó wò ó títí. Kò dá a mọ̀. Ó ti géètì, ó fi ọ̀pá irin dè é, ó sì tún padà wá yọjú wo kọ́nà náà.